Ẹ Bi Wá: Irú ọ̀pá iná tó yẹ iyùn inú táńkì

Ìbéèrè lórí táńkì omi òkun ti pọ̀ nínú àpótí wa, ti iná ló sì pọ̀ jù nínú wọn. A da àwọn tó jọra pọ̀, a gé àwọn kan kúrú. Ẹni tó bá ń sin ẹja nìkan lè ṣí ojú ewé yìí kọjá, torí ẹja kò nílò ju ìmọ́lẹ̀ tí a ó fi rí i lọ. Iyùn, ẹ̀dá abẹ̀mí inú òkun, ló ń jẹ ìmọ́lẹ̀.

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Táńkì mi gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 4, ó fẹ̀ ní ínǹṣì 18, ó ga ní ínǹṣì 20. Ọ̀pá fúlọ́rẹ́sẹ́ǹtì méjì tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù oníná, oní-36 wọ́ọ̀tì, ni rewáyà gbé sí i lórí. Inú ẹ̀ mọ́lẹ̀ rekete, mo lè fi ka ìwé, síbẹ̀ iyùn mi ń rù, ó sì ń na ọrùn sókè ṣáá. Kí ló dé? — Bàbá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Òde*

Ebi ló ń pa á, Bàbá Ìbejì. Nínú ẹran ara iyùn ni àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ kan ń gbé tí ojú lásán kò lè rí. Wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ bí ewé ẹ̀gẹ́ ṣe ń ṣe lóko, wọ́n sì ń bu púpọ̀ nínú ẹ̀ fún iyùn tó gbà wọ́n sílé. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kéré, iyùn á kọ́kọ́ máa na ọrùn wá a lókè. Bí kò bá rí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara rẹ̀.

Pé ẹ lè fi ka ìwé kò sọ nǹkan kan. Ojú ènìyàn máa ń ṣí sí òkùnkùn, ó máa ń sún kì sí oòrùn, kò sì ní sọ fún ẹni tó ni í. Yàrá tó mọ́ rekete lójú wa lè má ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ tó wà níta lọ́sàn-án gangan. Ohun tí àwọn oníyùn ń wọ̀n ni PAR, ìyẹn ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí ohun tó ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ lè lò. Iyùn ẹlẹ́ran rírọ̀ bíi zoanthid àti Sarcophyton, 50 sí 150 tó wọn. Àwọn olókùúta ẹlẹ́nu ńlá, irú Euphyllia, ń fẹ́ bí 100 sí 200. Àwọn ẹlẹ́nu wẹ́wẹ́, Acropora pàápàá, ń fẹ́ 200 sí 350, nígbà mìíràn ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pá 36 wọ́ọ̀tì méjì tí kò sí ohunkóhun lẹ́yìn wọn kò lè kó 50 dé ìsàlẹ̀ omi tó jìn ní ínǹṣì 20.

Ẹ má wá fi méjì irú ẹ̀ kún un. Ẹ wo lẹ́tà T tó wà lára ọ̀pá. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ni ìdá mẹ́jọ-mẹ́jọ ínǹṣì tí ọ̀pá náà fẹ̀: T12 jẹ́ ínǹṣì kan ààbọ̀, T8 jẹ́ ínǹṣì kan géérégé, T5 kò ju mìlímítà 16 lọ. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù ló lágbára jù. T5 oní-54 wọ́ọ̀tì, irú tí wọ́n ń kọ HO sí lára, ń tan nǹkan bíi 4,400 lumen nígbà tí T8 oní-36 wọ́ọ̀tì ń tan bíi 3,300. Títẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ tún jẹ́ èrè: kì í dí ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀ lọ́nà nígbà tí ìmọ́lẹ̀ náà bá ń padà bọ̀ láti ẹ̀yìn.

Ẹ̀yìn yẹn gan-an lẹ kò gbọdọ̀ fi owó du. Ọ̀pá iná ń tàn yíká, ìdajì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ló ń lọ sí àjà ilé, ibi tí iyùn kankan kò sí. Bí a bá fi páànù pẹrẹsẹ kan bo gbogbo wọn lórí, apá kan á padà, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ẹ̀ á tún kọlu ọ̀pá tó ti wá. Ohun tó dára ni kí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ní rìfílẹ́kítọ̀ tirẹ̀, aláúmíníọ̀mù tó ń dán bíi díńgí, tí wọ́n tẹ̀ yí ọ̀pá ká láti ẹ̀yìn. Mẹ́rin tó ní rìfílẹ́kítọ̀ tiwọn sàn fún iyùn ju mẹ́fà tó wà lábẹ́ páànù funfun kan ṣoṣo lọ. Nítorí náà, bí owó yín kò bá tó, ẹ dín iye ọ̀pá kù, ẹ má dín rìfílẹ́kítọ̀.

Fún táńkì tiyín: ọ̀pá T5 HO mẹ́rin oní-54 wọ́ọ̀tì, kí wọ́n wà ní ínǹṣì 4 sí 6 sókè omi, bó bá jẹ́ iyùn ẹlẹ́ran rírọ̀ àti ẹlẹ́nu ńlá lẹ ní. Ọ̀pá mẹ́fà bí ẹ bá fẹ́ Acropora, kí ẹ sì gbé e sí apá òkè òkúta. Kí iṣẹ́ yìí tó parí, ẹ gbé àwọn iyùn tó ń na ọrùn wọ̀nyẹn gòkè sún mọ́ ojú omi. Bí ẹ bá ti wá tan iná tuntun, ẹ dá wọn padà sísàlẹ̀. Ìdí rẹ̀ wà nínú ìdáhùn sí lẹ́tà Ìpẹru.

Ìkìlọ̀ kan nípa ọjà. T5 oní-28 wọ́ọ̀tì àti T5 oní-54 wọ́ọ̀tì gùn bákan náà, mìlímítà 1,149 ni àwọn méjèèjì, ẹnu wọn sì rí bákan náà. Ẹni tó ń tà á lè gbé 28 fún yín tọkàntọkàn. Ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí etí ọ̀pá fúnra yín. Fírémù T8 tẹ́lẹ̀ kò sì lè gba T5, torí T8 gùn jù ú lọ, ẹsẹ̀ méjèèjì rẹ̀ sì jìnnà síra ní mìlímítà 13, nígbà tí ti T5 jẹ́ 5.

*Mo fẹ́ ra ọ̀pá T5. Ẹnì kan ní 840, ẹlòmíràn ní 865, ẹ̀kẹta ní búlúù ni. Ọmọ mi tún rí ọ̀pá kan tó dúdú bí ẹ̀lú, tí ń tan àwọ̀ àlùkò, ó ní òun gan-an ni wọ́n ń pè ní actinic. Èwo ni kí n mú? — Màmá Fadérera, Ṣágámù*

Màmá, ẹ kọ́kọ́ gbé ti ọmọ sẹ́yìn. Ọ̀pá dúdú yẹn ni irú tí wọ́n fi ń yẹ owó wò, tí wọ́n sì ń tàn ní gbọ̀ngàn àríyá kí aṣọ funfun lè máa kọ yànyàn. Bíi 368 nánómítà (ìwọ̀n gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀, tó ń sọ àwọ̀ rẹ̀) ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wà, kò sí oúnjẹ tó nílárí fún iyùn níbẹ̀. Actinic tòótọ́ funfun nígbà tí iná kò bá sí nínú rẹ̀. Ìgbà tó bá tàn ló ń dà bí òféfèé, ó sì dúró ní nǹkan bíi 420 nánómítà.

Ní ti nọ́ńbà: nínú 840, 8 ìbẹ̀rẹ̀ ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe ń fi àwọ̀ nǹkan hàn dáadáa tó, 40 tó kù sì ni 4,000 Kelvin, tó pọ́n díẹ̀. 865 jẹ́ 6,500 Kelvin, bí ojú ọ̀run ọ̀sán. Ti ilé àti ọ́fíìsì ni àwọn méjèèjì. 865 lè gbé iyùn ẹlẹ́ran rírọ̀ dúró bí nǹkan bá le, ṣùgbọ́n gbogbo táńkì á pọ́n bí omi àgbo.

Ìdí tí a fi ń wá búlúù kò ju pé omi máa ń gbé pupa mì kíákíá. Bí a bá wọ inú òkun lọ, pupa ló kọ́kọ́ ń tán, ọsàn àti ìyeyè tẹ̀ lé e, búlúù ló ń lọ jìnnà jù. Àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ inú iyùn ti bá a mu, láàárín 400 sí 500 nánómítà ni wọ́n ti ń jẹun jù. Búlúù yìí kan náà ló ń mú kí ara iyùn tan padà ní àwọ̀ ewé, ọsàn àti pupa, bí ẹni pé iná wà nínú rẹ̀. Ara iyùn gbé búlúù mì, ó pọ àwọ̀ mìíràn jáde. Lábẹ́ 840, iyùn kan náà á dà bí ẹja gbígbẹ.

Bí ẹ bá ní ọ̀pá mẹ́rin, ẹ mú búlúù oní-460 nánómítà méjì, actinic oní-420 kan, àti funfun oní-10,000 sí 12,000 Kelvin kan. Kí funfun àti búlúù kan wà lórí bálásì (àpótí kékeré tó ń bọ́ ọ̀pá ní iná) kan, kí méjì tó kù wà lórí èkejì, pẹ̀lú táímà tiwọn. Àwọn búlúù á kọ́kọ́ tàn, wọn á sì kú gbẹ̀yìn: wákàtí 10 fún wọn, 8 fún èyí tí funfun wà nínú ẹ̀. Bó bá jẹ́ mẹ́fà, ẹ fi funfun kan àti búlúù kan kún un.

Àwọn kan tún béèrè bóyá ọ̀pá funfun ló ń fa koríko omi tó ń yọ̀ gọ̀lọ̀gọ̀lọ̀ lára gíláàsì. Nitrate àti phosphate inú omi ni oúnjẹ koríko yẹn. Ẹ dín oúnjẹ ẹja kù, ẹ pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́wàá omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ tó máa fi ẹ̀sùn kan iná.

*Láàárín oṣù mẹ́rin, etí ọ̀pá mi ti dúdú, wọ́n ń ṣẹ́jú bí wọ́n bá fẹ́ tàn. Ṣóòkì àti sítátà ni rewáyà lò. Iná NEPA tiwa kì í pé, ó sì ń lọ ó ń bọ̀. — Olùkàwé, Ìjẹ̀bú-Igbó*

Dídúdú etí yẹn ni ẹ̀rí. Ní etí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ni wáyà kékeré kan wà tí wọ́n fi nǹkan kan pa lára. Nǹkan yẹn ló ń jẹ́ kí iná fò láti etí kan dé èkejì. Gbogbo ìgbà tí ọ̀pá bá ń ṣẹ́jú kó tó tàn, díẹ̀ lára rẹ̀ ń fọ́n ká, ó ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Sítátà máa ń gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀márùn-ún bí iná bá kéré, tí NEPA bá sì ń lọ tó ń bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lóòjọ́, ẹ ṣírò rẹ̀. Ọdún kan ti parí sínú oṣù mẹ́rin.

Ṣóòkì onírin kò yẹ T5 rárá. Bálásì ẹlẹ́kítírọ́níìkì ni kí ẹ wá, èyí tó ń mú wáyà etí ọ̀pá gbóná fún ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì kó tó tan án. Kí ohun tí wọ́n kọ sára bálásì bá ọ̀pá mu láìyẹ̀: 2x54W T5 HO fún ọ̀pá 54 méjì. Bálásì 36 wọ́ọ̀tì á tan ọ̀pá 54, ṣùgbọ́n bàìbàì ni, ọ̀pá náà kò sì ní pẹ́. Ṣóòkì tún ń mú ìmọ́lẹ̀ gbọ̀n nígbà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan lórí iná 50Hz tiwa; ti ẹlẹ́kítírọ́níìkì ń yára débi pé ojú kò lè mọ̀ ọ́n.

Ẹ fi stabilizer ṣáájú wọn. Kí táímà jẹ́ oní-nọ́ńbà tó ní bátìrì nínú. Táímà onígèá tó ń yí kẹ̀kẹ̀kẹ̀ máa ń dúró nígbà tí iná bá lọ. Wákàtí mẹ́rin tí NEPA mú lọ lónìí, òun náà á fi pẹ́ mẹ́rin, tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, agogo méjì òru ni iyùn yín á máa gba oòrùn.

Iyọ̀ náà ń ba tiwọn jẹ́. Omi tó ń hó lójú táńkì ń fò sókè, ó ń gbẹ sára ẹsẹ̀ ọ̀pá bí ìyẹ̀fun, ó ń jẹ idẹ, iná á máa dùn ṣìì kó tó jó. Ẹ lo ìdérí rọ́bà tí omi kò lè wọ̀, ẹ sì máa fi aṣọ tútù nu rìfílẹ́kítọ̀ àti ọ̀pá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́ kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì tó sì ti tutù. Kí bálásì má ṣe wà lórí omi. Ẹ gbé e sára ògiri. Kí wáyà kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ kọjá sọ́kẹ́ẹ̀tì kó tó gòkè padà wọ inú rẹ̀, kí omi tó bá ń tẹ̀ lé e lè kán sílẹ̀. Omi iyọ̀ àti 230 volt jọ wà lójú kan náà níhìn-ín. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ bọ omi títí rewáyà á fi fi èátì sí fírémù, kó sì fi bíréékà 30 mílíámpù tó ń já iná bó bá ti ń jò sórí rẹ̀.

*Láti oṣù kejì ni omi mi ti ń gbóná dé 31°C ní agogo mẹ́ta ọ̀sán. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pààrọ̀ ọ̀pá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí tuntun lẹ́ẹ̀kan náà. Iyùn mẹ́ta ti funfun. Ṣé ooru ni àbí iná? — Ẹ̀gbọ́n Táíwò, Ìpẹru*

Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ iyùn náà. Bó bá jẹ́ pé orí nìkan ló funfun, ibi tó kọjú sí ọ̀pá iná, tí abẹ́ àti ẹ̀gbẹ́ tó wà nínú òjìji ṣì dúdú bí kọfí, iná ló jó o. Bó bá jẹ́ gbogbo ara rẹ̀ ni àwọ̀ ti ṣí bákan náà, tókè tìsàlẹ̀, ooru ni. Bí ẹ bá sì rí i pé ẹran ara rẹ̀ ń já bí aṣọ gbígbó, tí egungun funfun sì ń yọ, ìyẹn kì í ṣe ṣíṣí mọ́, ó ń kú ni. Iyùn tó ṣí lásán ṣì wà láàyè: ẹran ara rẹ̀ wà níbẹ̀ bí ọ̀rá tó mọ́ gaara, ẹnu rẹ̀ ṣì ń ṣí lóru. Àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ ló ti lé jáde, ó sì lè gbà wọ́n padà bí ìyà náà bá dínkù.

Nínú ọ̀ràn tiyín, a rò pé àwọn méjèèjì ló pàdé. Ọ̀pá tó ti lo oṣù mẹ́wàá ti rẹ̀. Ẹ ti yọ mẹ́rin tó ti rẹ̀, ẹ sì ti fi mẹ́rin tó ń sun bí iná ààrò rọ́pò, nínú omi tó ti gbóná. Àwọn ẹ̀dá tó ń se oúnjẹ inú iyùn á se é ju bó ti yẹ lọ, ohun tó ń ṣẹ́kù níbẹ̀ á di májèlé, iyùn á sì tì wọ́n síta láti gba ara rẹ̀ là.

Ní ti iná: lónìí, ẹ dín wákàtí kù sí 6. Ẹ gé àwọ̀n fèrèsé, irú èyí tí wọ́n fi ń dí ẹ̀fọn, ẹ tẹ́ ẹ ní ìṣẹ́po mẹ́ta sórí táńkì lábẹ́ fírémù. Ẹ máa yọ ìṣẹ́po kan lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún márùn-ún. Bó bá ti tán, ẹ fi ààbọ̀ wákàtí kún àkókò iná lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí á fi padà sí ti tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ iwájú, ọ̀pá kan ni kí ẹ máa pààrọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Iyùn tuntun tí ẹ bá rà, ìsàlẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wà. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin gbé e gòkè.

Ní ti ooru: 25 sí 27°C ló dára; ìgbà tó bá ti ń kọjá 29 lójoojúmọ́, ẹ ti wà létí omi gbígbóná. Ẹ fi fáànù kékeré méjì, irú ti kọ̀ǹpútà, fẹ́ atẹ́gùn sí ojú omi ní ẹ̀gbẹ́ kan. Omi tó ń gbẹ lọ ló ń kó ooru dání. Lákòókò ọyẹ́, fáànù yìí lè sọ omi kalẹ̀ ní 3°C tàbí jù bẹ́ẹ̀. Lásìkò òjò, tí afẹ́fẹ́ ti mumi yó, iṣẹ́ rẹ̀ á kéré. Ẹ gbé fírémù sókè dé ínǹṣì 8, ẹ ṣí ìdérí táńkì sílẹ̀ (ẹ fi àwọ̀n bò ó kí ẹja má fò jáde). Àyípadà tí kò sì ná yín ní kọ́bọ̀ ni pé kí ẹ sún àkókò iná síwájú: kó bẹ̀rẹ̀ ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kó kú lóru. Iyùn kò mọ agogo ilé yín. Kò sídìí tí ooru iná fi gbọ́dọ̀ lọ bá ooru ọ̀sán Ìpẹru ní agogo mẹ́ta.

Omi tí fáànù bá gbé lọ, iyọ̀ kò bá a lọ. Ẹ fi tépù sàmì sí gíláàsì, kí ẹ sì fi omi tí a fi ẹ̀rọ RO (ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi gba inú awọ tín-ín-rín kọjá) sẹ́ dá a padà lójoojúmọ́, láìfi iyọ̀ sí i. Bó bá pẹ́ kí ẹ tó dá a padà, ìwọ̀n iyọ̀ inú omi (specific gravity) á kọjá 1.026 tó yẹ. Omi borehole máa ń gbé phosphate, silicate àti irin wọlé. Pure water náà, ẹ fi mítà TDS, tó ń wọn ohun tó yọ́ sínú omi, wò ó kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Bó bá ju 10 lọ, ẹ mu ún, ẹ má dà á sí táńkì. Ìgò omi dídì tí a dé pinpin lè gba ẹ̀mí là ní ọ̀sán kan tó le, ṣùgbọ́n kò yẹ kó di ti ojoojúmọ́, torí ó máa ń mú omi ṣe gbóná-tutù, gbóná-tutù.

*Inverter mi ní bátìrì kan, 12 volt, 220Ah. Ṣé ó lè gbé ọ̀pá 54 wọ́ọ̀tì mẹ́rin bí iná bá lọ? — Olùkàwé, Òdogbolu*

Á gbé e, á sì dá yín lágara. Mẹ́rin jẹ́ 216 wọ́ọ̀tì, bálásì náà á jẹ díẹ̀, ẹ pè é ní 235. Fún wákàtí 9, ìyẹn lé ní 2,100 wọ́ọ̀tì-wákàtí. Bátìrì yín kún dé 2,640, ṣùgbọ́n bátìrì olómi kò yẹ kó lọ sísàlẹ̀ ju ìdajì lọ bí a bá fẹ́ kó pẹ́, nítorí náà 1,320 lẹ ní. Kò ní pé wákàtí mẹ́fà.

Ẹ má fi iná sí i. Ẹ fi pọ́ǹpù tó ń ru omi sí i. Pọ́ǹpù ìgbì méjì oní-10 wọ́ọ̀tì jẹ́ 20 wọ́ọ̀tì péré. Pẹ̀lú ohun tí inverter fúnra rẹ̀ ń jẹ, bátìrì yẹn á gbé e ju ọjọ́ kan lọ. Iyùn lè wà lókùnkùn fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta láìṣe nǹkan kan. Ọ̀run náà máa ń ṣú lórí òkun. Ṣùgbọ́n bí omi bá dúró gbagidi, atẹ́gùn inú rẹ̀ á tán láàárín wákàtí díẹ̀ lásìkò ooru, ẹja ló sì máa kọ́kọ́ lọ. Bí iná bá padà dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdajì àkókò.

Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ nìkan lẹ gbójú lé, tí kì í ju wákàtí márùn-ún lọ lálẹ́, ẹ jẹ́ kó jẹ́ márùn-ún náà lójoojúmọ́, lágogo kan náà, kí ẹ sì sin iyùn ẹlẹ́ran rírọ̀. Acropora kò yẹ yín báyìí. Inverter tí iná rẹ̀ kò mọ́, tí kì í ṣe pure sine wave, máa ń mú bálásì kùn, á sì gbóná; bí ẹ bá fọwọ́ kàn án tí ọwọ́ kò lè dúró, ẹ pa á.

*Ṣé oòrùn ojú fèrèsé kò tó? — Ayépé*

Ó tó, ó sì pọ̀ jù: ooru rẹ̀ kò ní bíréékà. Ẹ gbé táńkì kúrò níbẹ̀.

*Iyùn tí a máa ń kó sọ́rùn ní Ojúde Ọba, ṣé a lè sin irú ẹ̀ nínú ilé? Irú iná wo ló fẹ́? — Ọmọ Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀bú-Òde*

Kò fẹ́ iná rárá. Iyùn pupa tí wọ́n fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ láti ayébáyé, Corallium rubrum lorúkọ rẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀, inú òkun Mẹditaréníà ló ti ń wá, ní abẹ́ àpáta àti inú ihò tó ṣókùnkùn. Kò ní àwọn ẹ̀dá tó ń se oúnjẹ nínú ara rẹ̀, nítorí náà kì í ṣí funfun bí ti àwọn tí a ń sọ. Ohun wẹ́wẹ́ tí omi bá gbé kọjá ló ń mú jẹ. Omi tútù ló ń gbé, ó ń dàgbà díẹ̀díẹ̀ débi pé ẹni tó gbìn ín kò ní lò ó sọ́rùn láyé rẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ fún àpótí ìyá àgbà.

Èyí tí ẹ bá fẹ́ sin, ẹ béèrè ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Gbogbo iyùn olókùúta wà nínú ìwé àfikún kejì àdéhùn CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko ìgbẹ́, tí Nàìjíríà sì ti fọwọ́ sí láti ọdún 1974. Kò yẹ kí wọ́n gbé e kọjá ibodè láìsí ìwé àṣẹ.

*Ọ̀pá mi ṣì ń tàn dáadáa lẹ́yìn oṣù 14. Ṣé dandan ni kí n pààrọ̀ rẹ̀? Wọ́n sì ní fúlọ́rẹ́sẹ́ǹtì ti ń parí, kí n ra LED. — Olùkàwé, Ìsarà*

Tàntàn nìkan kò tó. Inú ọ̀pá, èéfín mẹ́kúrì ló ń tan ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú kò rí. Ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n fi pa inú gíláàsì ló ń sọ ọ́ di èyí tí à ń rí. Ìyẹ̀fun yìí ló ń gbó. Oṣù 9 sí 12 la máa ń dá fún T5 HO lórí iyùn. Bí ẹ kò bá ní mítà PAR, ẹ lo fóònù: lọ́jọ́ tí ọ̀pá bá jẹ́ tuntun, ẹ fi áàpù tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀ ní ínǹṣì 12, ẹ kọ nọ́ńbà náà sára tépù, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ fírémù. Nọ́ńbà yẹn kò wúlò fún iyùn fúnra rẹ̀, torí fóònù kì í rí búlúù dáadáa, ṣùgbọ́n bó bá ti fi ìdá mẹ́rin kan rẹlẹ̀ sí ti ọjọ́ àkọ́kọ́, níbi kan náà, pẹ̀lú fóònù kan náà, ó ti tó pààrọ̀.

Òótọ́ ni pé ó ń parí. Ilẹ̀ Yúróòpù ti dá títa T5 àti T8 tuntun dúró láti oṣù kẹjọ ọdún 2023, àwọn orílẹ̀-èdè inú àdéhùn Minamata lórí mẹ́kúrì sì ti fẹnu kò pé ṣíṣe wọn àti gbígbé wọn kọjá ibodè á dópin ní ọdún 2027. Bí ẹ bá ti ní fírémù tó dára, ẹ ra ọ̀pá tó máa tó yín lò fún ọdún méjì sílẹ̀, ẹ máa lò ó lọ. Kò sí ohun tó ń tẹ́ ìmọ́lẹ̀ kárí òkúta láìsí òjìji bíi tiẹ̀. Bí ẹ kò bá tíì ra nǹkan kan, LED ni kí ẹ rà. Ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ èyí tí a lè dín kù, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, torí LED ń jó iyùn ju ọ̀pá lọ.

Ọ̀pá tó ti gbó, ẹ má ṣẹ́ ẹ sínú àpò ìdọ̀tí, torí mẹ́kúrì inú ẹ̀. Ẹ dá a padà sínú páálí rẹ̀, ẹ kó wọn jọ síbi tí ọmọdé kò lè dé títí ẹ ó fi rí ẹni tó ń gba irú ẹ̀. Bí ọ̀kan bá fọ́ nílé, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ pa fáànù, kí gbogbo ènìyàn kúrò ní yàrá fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ fi páálí líle wa àfọ́kù àti ìyẹ̀fun, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ èyí tó kù nílẹ̀, ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ìgò onídèérí. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a. Bó bá jẹ́ inú táńkì ló fọ́ sí, ẹ pa gbogbo iná tó lọ síbẹ̀ láti ògiri kí ẹ tó na ọwọ́, ẹ kó gíláàsì jáde, ẹ pààrọ̀ ìdajì omi lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì fi èédú táńkì tuntun sí ibi tí omi ń gbà kọjá.